Gbòǹgbò Àta tí A ń Hú Tán

Ní Ìpókíá, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, orín ti wà lẹ́nu àgbà. Orín àta ni a fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa: ó ń ta, ó ń mú ahọ́n kú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ẹnu yóò mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú: ta ni nínú wa tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí igi àta lórí ìdúró ní ọdún yìí?

Ìdí kan ni ó mú wa béèrè. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, àwa fẹ́ fi igi náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, nítorí kò yẹ kí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ igi jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú àwòrán nìkan. A bẹ Bàbá ọdẹ kan pé kí wọn ṣáájú wa. Wọ́n ní, “Olùkọ́, ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí kò jìnnà.” Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ mú wa dé, ihò ni a bá. Ibi kejì, ihò ni, tí ewé gbígbẹ ti kún. Ibi kẹta, ní ọ̀nà Ìdìrókò, wọ́n ti kọ́ ilé sí i. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó rí ẹyọ kan lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́. Kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, wọ́n sì ti gé apá kan gbòǹgbò rẹ̀. Bàbá wò ó títí, wọn kò sọ̀rọ̀. (Aṣọ alùfáà kò yẹ igbó ẹlẹ́gùn-ún, èyí tí a wọ̀ lọ ní ọjọ́ náà ti di àkísà.)

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: àta jẹ́ igi tí ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 40 bí a bá fi í sílẹ̀. Ẹ̀gún wà lára rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀, òórùn ọsàn ni yóò jáde, nítorí ìdílé kan náà ni òun àti ọsàn. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Zanthoxylum zanthoxyloides; Fagara ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀.

Orúkọ Fagara yìí ni ó gbé ilẹ̀ wa ga. Ní ọdún 1971, ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, Abayomi Sofowora àti W. A. Isaacs kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi gbòǹgbò àta ń mú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ. Àrùn dòjé inú ẹ̀jẹ̀ ni à ń wí, èyí tí ó ń pa àwọn ọmọ tí àwọn bàbá wa ń pè ní àbíkú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2006 pé bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó gbé ohun tí ń fa àrùn yìí sínú ẹ̀jẹ̀, àti pé bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ inú ìgò ni iṣẹ́ Ifẹ̀ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ kọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Síbẹ̀, ní Burkina Faso, wọ́n ti fi èèpo gbòǹgbò àta àti ti bomubomu ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní FACA. Àwa tí a ti dúró létí ibojì irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń pè é pé kó má lọ, kò lè fi ojú orín lásán wo igi yìí mọ́.

Ta ni ń pa á? Àwa náà ni. Ẹni tí ó já ewé fi igi sílẹ̀. Ẹni tí ó hú olú gbòǹgbò ti pa á. Àwọn bàbá oníṣègùn a máa gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a sì fi ilẹ̀ bò ó padà. Nísisìyí, ẹni tí kò mọ orúkọ igi ni a ń fi ọkọ́ rán lọ, àpò ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n fún un. Irúgbìn rẹ̀ kò sì ń tètè hù.

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní ọdún 1889 kò yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ará wa gbé wà ní Kétu, Pobẹ̀ àti Sàkẹ́tẹ́, ìwé tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 ti ka àta mọ́ àwọn igi tí ewu ìparun dojú kọ.

Ẹgbẹ́ wa a máa ná owó púpọ̀ sórí aṣọ ayẹyẹ, a sì máa ń ki àwọn baba ńlá wa. Aṣọ ayẹyẹ dára. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A bẹ ẹ̀yin olóyè kí ẹ pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú olú gbòǹgbò àta ní ilẹ̀ yín, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì gbìn tirẹ̀.

Igi kan ṣoṣo tí a rí yẹn, a ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ olóko, a sì ti ṣe ọgbà yí i ká. Ẹni tí ó bá mọ ibòmíràn tí àta gbé wà, kí ó jọ̀wọ́ wá sọ ọ́ fún wa ní ìpàdé, kí ó má sọ ọ́ ní ọjà.