Bóòtù Tó Dípẹtà Kò Gbọ́ Èdè Ìgbájú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí máa ń sọ bí èsì ìdánwò ọmọ wọn kò bá dára: "Bí orí ẹ ò bá gba ìwé, màá mú ẹ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì." Àwọn olùkọ́ náà ń sọ ọ́. Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń fi ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bóòtù kan ṣoṣo ló là mí lójú. Mo fẹ́ fi bóòtù náà ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ yìí ń ba ọmọ jẹ́, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn lójú títì.

Nígbà ọlidé tó kọjá, mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mọ́tò wa, Toyota Corolla tó ti lé ní ogún ọdún, máa ń dún gbì-gbì lábẹ́ bó bá ti bọ́ sí kòtò. Ọ̀gá fi jáàkì gbé e sókè, ó ní bọ́ọ̀ṣì lower arm ti jẹ. Lower arm ni apá irin tó so ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ ara rẹ̀; bóòtù gígùn kan ló gba inú bọ́ọ̀ṣì náà kọjá. Ọ̀gá ní iṣẹ́ wákàtí kan péré ni. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la débẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì bá wa níbẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó tú u jẹ́ ọmọ kíláàsì mi tẹ́lẹ̀. Ó fi iléèwé sílẹ̀ ní JSS 3 nítorí pé ó ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀tì jáde wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bóòtù kọ̀. Bó bá fi sípánà fà á, orí bóòtù á yí díẹ̀. Bó bá dẹwọ́, á padà sí ibi tó wà. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ń padà sẹ́yìn. Irin inú bọ́ọ̀ṣì ló ń bá a yí. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká da epo sí i, ká sì fi í sílẹ̀ ná."

Ìgbájú ni èsì tó gbà. "Ìwọ tí ìwé ò yé, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Ọ̀gá gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki páìpù gígùn bọ ìdí rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara wọ́ ọ. Orí bóòtù já pàú. Ìyókù há sínú. Wọ́n pe oníwẹ́dà kó wá fi iná gáàsì gé e. Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì gbiná, èéfín dúdú bo gbogbo wa, iná sì ń lá rọ́bà tó gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò. Iyanrìn ni bàbá mi sáré bù dà sí i. Ohun tí a rò pé bọ́ọ̀ṣì kan ni, ó di bọ́ọ̀ṣì, bóòtù, rọ́bà bíréèkì àti owó oníwẹ́dà.

Ọmọ yẹn ló gba. Inú bọ́ọ̀ṣì ni irin kan wà tó rí bíi páìpù kékeré. Rọ́bà ló yí i ká. Bóòtù gba inú páìpù náà kọjá, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ju ìwé pẹlẹbẹ lọ. Bí omi bá wọ ibẹ̀, irin á dípẹtà. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Á kún àlàfo náà títí irin méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tọ́kúnbọ̀ wa tilẹ̀ ti gbé àìsàn yìí wá láti òkè òkun, nítorí pé ní àwọn ìlú olótùútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ sì máa ń mú kí irin tètè dípẹtà. Nígbà tí ènìyàn bá wá ń fa bóòtù náà, rọ́bà ló ń lọ́ pọ̀. Bó bá dẹwọ́, rọ́bà á fà á padà. Ohun tí ọmọ yẹn rí nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ìpẹtà ojú rẹ̀, kí wọ́n da epo tó ṣàn dáadáa sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Epo á máa rá wọ àlàfo tóóró náà bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Kí wọ́n lo ríngì sípánà tó di igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú, kì í ṣe ẹlẹ́nu yíyà tó ń bó orí bóòtù. Kí wọ́n fún un díẹ̀, kí wọ́n tú u díẹ̀, títí ìpẹtà á fi fọ́. Páìpù gígùn wúlò lóòótọ́: bí ọwọ́ sípánà bá gùn ní ìlọ́po méjì, agbára tó dé orí bóòtù á di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tó fi ń já a. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kí wọ́n fi ayùn irin gé e lọ́tùn-ún lósì. A kúkú fẹ́ ju bọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nù.

Títò ó padà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí bóòtù, bíi 8.8 tàbí 10.9, ló ń sọ bí ó ṣe lágbára tó. Ẹni tó bá fi bóòtù tí kò ní nọ́ńbà dè é ń fi ẹ̀mí ṣeré. Kí wọ́n fi gírísì pa á lára. Kí wọ́n má sì fún un dópin àfi tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá ti kanlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á wà ní lílọ́ nígbà gbogbo, á sì tètè ya.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣé ẹ kò rí i pé ìwé wa ni gbogbo èyí? Ẹ ti kọ́ wa bí irin ṣe ń dípẹtà, bí ohun olómi ṣe ń gun ihò tóóró, bí ọwọ́ gígùn ṣe ń sọ agbára di púpọ̀. Mo dà á kọ, mo há a sórí, mo sì gba máàkì tó dára. Síbẹ̀, mo dúró ti bóòtù yẹn bí òpè. Ọmọ tí a pè ní olódo ló kà á bí ẹni ka ìwé. Ní 2011, wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú ètò ẹ̀kọ́ iléèwé girama àgbà, iṣẹ́ mẹkáníìkì sì wà lára wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí láìsí sípánà kan, bóòtù orí pátákó ni akẹ́kọ̀ọ́ máa mọ̀.

Àwọn kan á ní ìgbájú ló sọ àwọn ọ̀gá àtijọ́ di ọ̀gá. N kò gbà. Ojú tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ ló kọ́ wọn. Ohun tí ìgbájú ń kọ́ ọmọ ni pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí bóòtù tó ti sán lábẹ́ mọ́tò, á dákẹ́, mọ́tò náà á sì kó ọmọ iléèwé. Àwọn mìíràn á ní àwọn fẹ́ kí ọmọ àwọn di ẹnjiníà, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹnjiníà tí kò fọwọ́ kan bóòtù rí, kí ló fẹ́ ṣe?

Èmi náà jẹ̀bi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbá ọmọ yẹn létí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ohun tí mo kọ́ mu, mo sì dákẹ́. Ní JSS 3, mo wà lára àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi iṣẹ́ mẹkáníìkì dẹ́rù ba ọmọ mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú bóòtù tó dípẹtà kan wá sí kíláàsì, kí a jọ tú u. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó gbọ́wọ́ sókè, ẹ bi ọmọ iṣẹ́ yín pé, "Kí lo rí?" Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí a bá sì fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi ipá mú ní í nini lára. Ó ni bàbá mi lápò lọ́jọ́ náà. Díẹ̀ ló kù kó jó wa.