Ewúrẹ́ Tí A Lé Kan Ògiri: Kí Ní Ń Sọ Olùdìbò Di Oníjà?

Bí ètò ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, oríṣi orúkọ méjì ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Wọn a pe àwọn olùdìbò kan ní onísùúrù, oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Wọn a pe àwọn mìíràn ní oníjà, àwọn tí ń fẹ́ kí a hú ìjọba tegbò-tigaga. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìwà ni ó pín wọn níyà: pé ara ẹnìkan tutù, ara ẹnìkejì gbóná, tàbí pé ọ̀kan kàwé, èkejì kò kà. Èmi kò fara mọ́ èyí. Bí a bá fi ojú inú wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1959, a ó rí i pé ènìyàn kan náà lè jẹ́ orúkọ méjèèjì ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ó wà láàárín wọn ni ìbéèrè yìí: ǹjẹ́ ó ṣì gbà pé bí òun bá kan ilẹ̀kùn, ẹnìkan yóò dáhùn?

Ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1959, àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ wa tò láti dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Ọ̀pẹ ni àmì Action Group, àkùkọ ni ti NCNC. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò wọlé kùn títí, ó sì padà sí oko rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá. Ní oṣù Ẹ̀bìbí, ọdún 1962, àga fò ní ilé aṣòfin Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde òfin pàjáwìrì. Nígbà tí ìdìbò oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1965 dé, Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, ni ó wà lórí àlééfà. A kéde pé àwọn kan wọlé láìní alátakò, bẹ́ẹ̀ alátakò wà. Ìwé rẹ̀ ni wọn kò gbà. Àwọn aráàlú gbọ́ èsì tí kò bá ohun tí ojú wọn rí mu. Nígbà náà ni "wẹ́tíẹ̀" dé, tí a ń da bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, títí àwọn ológun fi gbàjọba ní ọjọ́ 15, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1966. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: n kò gbe ẹni tí ń dáná sun ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ni ó bá a lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tí wọ́n tò wọ́ọ́rọ́wọ́ ní 1959 wà nínú àwọn tí inú ń bí ní 1965.

Ti Agbẹ́kọ̀yà tún fi èyí hàn kedere. Lábẹ́ ìjọba ológun, kò sí ìdìbò rárá. Owó orí wúwo, owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sì ń dààmú àwọn ará oko. Àwọn àgbẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́ kí wọ́n tó fi ìbọn sọ ọ́. Ìjà bẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù Bélú, ọdún 1968. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀. Síbẹ̀ iná náà tún rú ní 1969, ó sì mú ẹ̀mí Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ní oṣù Agẹmọ. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfá Adéoyè, aṣáájú wọn, sọ̀rọ̀, tí owó orí sì wálẹ̀ sí £2, ni àwọn tí a ń pè ní jàgídíjàgan tó padà sídìí kòkó wọn. Ṣé ìwà wọn ni ó yí padà lóru ọjọ́ kan? Rárá o. Ẹnìkan wá jókòó tì wọ́n ni.

Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú sí ọba. Wọ́n lànà fún ìbínú ni. Ní Ọ̀yọ́, bí Aláàfin bá kọjá àyè rẹ̀, Ọ̀yọ́ Mèsì ni yóò kọ̀ ọ́, Baṣọ̀run ni yóò sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó le jùlọ nílùú, ẹnu olóyè àgbà ni ó ti ń jáde, kì í ṣe ẹnu ọmọ ìta. Àmọ́ ṣá, Baṣọ̀run Gáà sọ agbára náà di idà tí ó fi ń pa ọba lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ọ̀nà ìbínú náà ń fẹ́ odi.

Ní oṣù Ògún, ọdún 1983, a kéde ní ìpínlẹ̀ Oǹdó pé Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó ni ó wọlé. Àkúrẹ́ gbiná, ẹ̀mí ṣòfò. Olóyè Adékúnlé Ajáṣin gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dá ìbò rẹ̀ padà fún un. Ìbínú kan náà ni. Àwọn kan gbé bẹntiróòlù, àwọn kan gbé ìwé ẹjọ́. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn pa iná ju ọlọ́pàá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti òde òní. Nínú ìdìbò ààrẹ oṣù Èrèlé, ọdún 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí ó dìbò kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 25 lọ. Àwọn ìyókù kò tò, wọn kò sì dáná sun ilé ẹnikẹ́ni. Òmíràn rìnrìn-àjò, òmíràn kò rí káàdì gbà. Ṣùgbọ́n mélòó ni kò kan ilẹ̀kùn mọ́ nítorí pé kò retí ìdáhùn? Àwọn olóṣèlú wa ń ka gbogbo wọn mọ́ onísùúrù. Ǹjẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà ni a ka àwọn àgbẹ̀ Akànrán sí, kí ó tó di ọdún 1968?