Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Adájọ́?

Bí a bá gbọ́ "kọmíṣánnà" nílẹ̀ yìí, ọkàn wa a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí ẹni tí gómìnà yàn. Ní Amẹ́ríkà, eré béésíbọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní kọmíṣánnà tirẹ̀. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ 30 tó ń kópa ló ń yàn án, òun ló sì ń dájọ́ bí ẹnikẹ́ni bá rú òfin. Rob Manfred ló wà lórí àga náà láti ọdún 2015. Àwọn kan ń yìn ín. Èmi sọ pé ó kùnà nínú iṣẹ́ tó ṣe kókó jù lọ.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ní 2023, Manfred gbé aago wá sórí pápá kí ajùbọ́ọ̀lù má baà máa fi àkókò ṣòfò. Eré tó ń gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 dín kù. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n aago lè mú kí eré yá, kò lè mú kí eré mọ́ tónítóní.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Houston Astros. Ní 2017, ọdún tí wọ́n gba ife World Series, wọ́n ń fi kámẹ́rà wo àmì ìkọ̀kọ̀ tí àwọn alátakò ń fi ìka ṣe síra wọn. Wọ́n á wá lu garawa ìdalẹ̀nù, kí ẹni tó di igi mú lè mọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ṣebí "expo" nìyẹn!

Ní oṣù kìíní 2020, Manfred bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là lé ẹgbẹ́ náà, ó sì dá ọ̀gá àgbà àti olùdarí eré wọn dúró fún ọdún kan. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ńkọ́? Kò fìyà jẹ ẹnì kankan nínú wọn. Ife ńkọ́? Ọwọ́ wọn ló wà dòní.

Àwọn tó ń gbè é yóò ní, bí kò bá ṣèlérí pé òun kò ní fìyà jẹ wọ́n, wọn kì bá tí jẹ́wọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìlérí pé a kò ní fìyà jẹ ènìyàn kì í ṣe ìlérí pé yóò máa gbádùn ohun tó jí. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí WAEC bá ká jìbìtì mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, èsì rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́gi lé. Wọn kì í bá ọ̀gá ilé-ìwé nìkan wí.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Manfred tún pe ife náà ní irin lásán, kó tó wá tọrọ àforíjì. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ife bá pè é ní irin, kí ni ọmọ tó ń fi òótọ́ inú gbáradì yóò pè é?

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ẹ bá ń díwọ̀n alákòóso, ẹ má wo bí nǹkan ṣe yára sí tàbí iye owó tó wọlé nìkan. Ẹ béèrè pé: lọ́jọ́ tí ọwọ́ tẹ olè, ta ló gbé ẹrù lọ sílé?