Ìbọn Kírìjì Kì Í Ṣe Ọjà Gbàǹjo

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé fún ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kò lè fi àdúrà nìkan ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan tí àwọn ẹgbẹ́ ń gbà kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ ni kí wọ́n ta ìbọn olówó iyebíye ní gbàǹjo. Ohun tí olówó ń rà níbẹ̀ kì í sì í ṣe irin lásán. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ilé gbàǹjo Bonhams ta ìbọn ìléwọ́ tí Pat Garrett fi pa Billy the Kid ní 1881 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Ìtàn ni wọ́n sanwó fún.

Ẹni tó bá gbé ọgbọ́n yìí gba títì Adó wọ Ìjàn-Èkìtì yóò rò pé ọjà ti délẹ̀, nítorí ìtàn ìbọn kò wọ́n ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ogun Kírìjì, òdìkejì gbàǹjo ni àwọn baba ńlá ṣe. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n fi ra ìbọn òyìnbó tí à ń ki láti ìdí, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀ gba ọ̀nà Oǹdó. Ìbàdàn, tí ṣakabùlà alákìsẹ́nu ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lára. Àwọn àgbà ní ìró ohun ìjà ibẹ̀ ló sọ ogun náà lórúkọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Nítorí náà, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ìbọn wọ̀nyẹn jẹ́ ẹ̀rí owó àjọdá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dáwó rà, báwo ni ẹnì kan ṣoṣo yóò ṣe gbé e lọ sí pálọ̀ rẹ̀?

Òfin náà kò fi àyè sílẹ̀. Òfin ìbọn ti 1959 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn, ìbáà jẹ́ ṣakabùlà, láìgba ìwé àṣẹ. Èyí tí alágbẹ̀dẹ ilé bá sì rọ ṣáájú 1918 lè bọ́ sábẹ́ Òfin 77 ti 1979, tó ka rírà àti títà ohun ìṣẹ̀ǹbáyé léèwọ̀ fún ẹni tí ìjọba kò fún láṣẹ.

Wọ́n á ní ìbọn tó ń dípẹtà lájà kò kọ́ ọmọ kankan ní ìwé. Òótọ́ ni, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí agbo ilé àwọn ọdẹ, kí wọ́n béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ni ìbọn náà, ọ̀nà tó gbà dé àti ẹni tó jogún rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀kan ni a lè ta ìbọn. Ìwé pẹlẹbẹ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tẹ̀ lè wà lórí àtẹ lọ́dọọdún. Kí àgbà ọdẹ kan ṣáà ti yẹ ẹnu ìbọn náà wò kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án.