Páálí Àdídùn Ọdún Diwali: Ta Lẹ Ń Fún?



Bàbá kan tó ń wa mọ́tò fún àwọn ará Íńdíà ní Èkó wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ṣúgà inú rẹ̀ ti lé ní 400. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ jẹ?" Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mílíìkì lásán ni o. Ọ̀gá mi ló fún mi ní páálí kan nítorí ọdún wọn." Páálí ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán!

Ọdún tí bàbá ń sọ ni Diwali, ọdún iná àwọn ẹlẹ́sìn Hindu, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ní Íńdíà, ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Dhanteras, ẹni tó lówó á ra wúrà tàbí fàdákà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ á ra ìkòkò tàbí abọ́ onírin tuntun wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á bọ Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀. Àsìkò yìí ni páálí àdídùn máa ń lọ láti ilé dé ilé, tí ọ̀gá náà sì ń fún òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, Bhai Dooj, obìnrin á fi àmì sí iwájú orí arákùnrin rẹ̀, á fún un ní àdídùn jẹ, arákùnrin á sì fún un lówó tàbí ẹ̀bùn.

Kí ló wà nínú páálí yẹn gan-an? Gulab jamun ni mílíìkì tí wọ́n sè títí tó fi ki, tí wọ́n dín bí àkàrà kékeré, tí wọ́n wá rì sínú omi ṣúgà. Kajú lílọ̀ àti ṣúgà ni kaju katli. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà, bọ́tà yíyọ́ àti ṣúgà ni ọ̀pọ̀ laddu. Ẹ rí i pé kì í ṣe mílíìkì lásán.

Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn mọ̀. Ìwádìí ICMR-INDIAB tó jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 101 èèyàn ló ní ìtọ̀ ṣúgà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń fi almond, kajú àti èso gbígbẹ ṣe ẹ̀bùn báyìí. Àwọn aláyẹ̀wò oúnjẹ pẹ̀lú máa ń ṣọ́ àwọn tó ń ta mílíìkì síse yìí kí ọdún tó dé, torí àwọn oníjìbìtì máa ń fi ìyẹ̀fun lú u.

Bí irú páálí bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín:

Ẹ gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, kí ẹ sì pín in fún ará ilé. Olóòtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ dá jókòó tì í.

Ẹ má torí pé ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ lo oògùn ní ìlọ́po méjì, ẹ má sì lo oògùn tán kí ẹ wá fo oúnjẹ. Ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì.

Èyí tí wọ́n fi mílíìkì ṣe kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odindi kajú tàbí almond. Ó lè há a lọ́fun.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá wa sọ àìsàn wọn fún ọ̀gá wọn. Ìkòkò onírin kan tó ń dán ni ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí ìyàwó wọn. Ó wú mi lórí, torí pé Dhanteras tí wọ́n ń ra ìkòkò yẹn, ọjọ́ Dhanvantari, òrìṣà ìṣègùn wọn, ni. Ìlera ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí kí wọ́n tó kí ọrọ̀. Àwa náà sọ ọ́: ìlera loògùn ọrọ̀. Kí ẹ tó di ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ara rẹ̀ gbà.