Ẹni tó bá ọ ṣiṣẹ́ ló mọ̀ ọ́

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Tí ènìyàn bá kú lọ́dọ̀ wa, kíá ló máa ń di ẹni rere. Ẹbí á sọ tiwọn, ẹgbẹ́ á sọ tiwọn, àwa pásítọ̀ náà á gba máìkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òtítọ́. Ọmọ lè fi ìfẹ́ bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè sọ̀rọ̀ nítorí àǹkóò tí wọ́n jọ rà. Pásítọ̀ lè sọ̀rọ̀ nítorí ojú ẹbí. Ẹni tó bá olóògbé ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ni kí ẹ bi.

Ẹ wo àwọn ẹnjiníà tó ń tún bàálù ṣe. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn bá papò dà, tí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bá dìde láti sọ̀rọ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ilé tó kọ́ kọ́ ni wọ́n máa ń kà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé tó bá ti fọwọ́ sí ìwé, ọkàn àwọn balẹ̀. Tó bá sì ní bàálù yìí kò ní gbéra, kò sí ọ̀gá tó lè yí i lọ́kàn padà. Ẹ ò rí i pé oríyìn ńlá nìyẹn? Torí bàálù kì í gbéra láìjẹ́ pé ẹnìkan tó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí i pé ó dára. Tí táyà bá kan ilẹ̀, awakọ̀ là ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé lóru, a ò mọ ojú rẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí a kò bá gbọ́ ti irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, bàálù DC-8 kan gbéra ní Jeddah, ó ń kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Mẹ́kà bọ̀ ní Ṣókótó. Nigeria Airways ló háyà rẹ̀ lọ́wọ́ Nationair ti ilẹ̀ Kánádà. Olórí mẹkáníìkì ti rí i ṣáájú pé atẹ́gùn inú táyà méjì kò tó. Ó fẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n gáàsì náítírójìn tí wọ́n ń lò kò sí nítòsí. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ kò fẹ́ ìdádúró, ni wọ́n bá jẹ́ kó máa lọ. Bó ṣe ń sáré nílẹ̀, ẹrù táyà tó rọ̀ bọ́ sórí èkejì rẹ̀, táyà bẹ́, iná sọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù ká wọlé, ó gbé iná náà wọ inú. Ènìyàn 261 ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan kò yè. Táyà lásán o!

Ohun kejì tó ń dùn wá ni pé oríyìn máa ń pẹ́ dé. Charlie Taylor, mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ àwọn Wright ní Dayton, ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe ẹ̀ńjìnnì tó gbé bàálù wọn lókè ní oṣù Kejìlá ọdún 1903. Gbogbo ayé mọ àwọn Wright. Ní ọdún 1955, wọ́ọ̀dù àwọn aláìní ní California ni wọ́n ti bá Taylor, kó tó di pé àwọn ará iṣẹ́ bàálù dáwó jọ fún un. Oṣù January 1956 ló kú. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 24 May, ni wọ́n wá fi ń bọlá fún àwọn tó ń tún bàálù ṣe báyìí.

Tiwa náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2003 ni ìjọba pa Nigeria Airways rẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í san apá kan owó àwọn òṣìṣẹ́ ní 2018, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Pásítọ̀, iṣẹ́ kọ́ ló ń gbé ènìyàn dé ọ̀run, oore-ọ̀fẹ́ ni.” Òótọ́ ni! Àwa náà ń wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ tó wọlé sínú ènìyàn gbọ́dọ̀ hàn níbi tí ojú kò tó. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, àwọn opó kò ka ìwé fún Pétérù, aṣọ tó rán ni wọ́n gbé jáde. Àwọn tí Dáníẹ́lì bá ṣiṣẹ́ ìjọba wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ títí, wọn ò rí àléébù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ọ̀tá nìyẹn, ó sì ju ti ọ̀rẹ́ lọ.

Nítorí náà, ohun tí a rò rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, níbi ìsìnkú, kí ẹni tó bá olóògbé ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ì báà ṣe Mùsùlùmí. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má dúró dìgbà ikú. O jẹ wẹ́dà lówó, o jẹ mẹkáníìkì lówó, o wá fẹ́ gba máìkì níbi òkú rẹ̀? Lọ san án lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀yin awakọ̀ wa tí ẹ ń ná Òkèhò sí Ìséyìn, ẹ máa gbàdúrà kí ẹ tó gbéra, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gẹ́ táyà. Àdúrà kì í rọ́pò atẹ́gùn. Tí mẹkáníìkì bá sì ní ọkọ̀ yìí kò tíì lè lọ, ẹ má sọ fún un pé “Ọlọ́run á ṣe é.” Bóyá òun gan-an ni Ọlọ́run fi ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yòówù kó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe é bíi pé ẹ̀mí 261 wà lórí rẹ̀.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ̀rí wa bàjẹ́. Àwọn tó bá wa ṣiṣẹ́ kò ní dákẹ́ lọ́jọ́ tó bá yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ wa ní rere. Lórúkọ Jésù. Ẹni tó bá gbà á, kó ṣe Àmín, kó sì dárúkọ ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ládùúgbò rẹ̀, kí onítọ̀hún kà á nígbà tó wà láàyè.