Ìbọn Ọ̀pọ̀: Ta Ni Yóò Jẹ Eegun Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ìbọn ní apátí o, ìbọn kò ní apátí o, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Òwe yìí la fi ṣíde ọ̀rọ̀ wa lónìí, nítorí àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa ní yàrá lálẹ́ ọjọ́ kan, a kò sì rí i parí títí aago méjì òru fi lù.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ń gbé ní Houston, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé epo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru sì ni. Wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ kékeré méjì, wọ́n sì ti gba ìwé ìgbélùú. Láìpẹ́ yìí ni àwọn adigunjalè ya wọ ilé epo tó wà nítòsí tiwọn, láti ìgbà náà ni ọkàn bọ̀dá kò ti balẹ̀ mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sílé pé àwọn fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́. Méjì ni ojú wọn wà lára rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, kò tó 200 dọ́là. Èkejì jẹ́ àlòkù tí àwọn ọlọ́pàá ti lò rí, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ìyá wọn ní kí wọ́n má ra ìkankan. Àbúrò wọn wá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ yàrá, ni yàrá bá pín sí méjì. Apá kan ní ìbọn ni gbogbo ìbọn ń jẹ́, kí bọ̀dá ra èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí wọ́n fi owó tó kù ra wàrà fún àwọn ọmọ. Apá kejì ní ẹni tó bá ra ọ̀pọ̀ ẹran ni yóò jẹ eegun.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà là ń sọ o, níbi tí òfin ti gbà á láyè. A óò kan ti ilẹ̀ wa kí a tó parí.

Irú ìbọn tí bọ̀dá ń wò ni wọ́n ń pè ní rìfọ́fà. Samuel Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1836. Àgbá kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n lu ihò sí, márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, ihò kọ̀ọ̀kan sì ń gba ọta kan. Bí a bá fa apátí, àgbá náà a yí, ihò kan a bọ́ sí ọ̀gángán ọ̀pá ìbọn, òòlù kékeré tó wà lẹ́yìn a sì gbá ìdí ọta náà.

Níbi yíyí yìí gan-an ni owó ń lọ. Bí ihò náà kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ọ̀pá, bó ṣe bí ìbú irun ló fi yẹ̀, ọta yóò họ etí ọ̀pá bó ti ń kọjá, ègé òjé yóò sì ta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́ lè gbà nínú rẹ̀, ojú ẹni tó dúró tì í náà lè gbà níbẹ̀. Irin náà tún wà níbẹ̀. Èyí tó dára, irin líle ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tí kò dára, àdàlù sínkì ni, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú àwòṣe láti fi ṣe ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé. Irú irin bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jẹ, bó bá sì ti jẹ, àgbá yóò máa mì jẹ́njẹ́n. Ẹ̀kẹta ni jíjábọ́. Nínú àwọn rìfọ́fà àtijọ́, òòlù máa ń gbé ara lé ọta. Bí ìbọn bá já bọ́ sílẹ̀ lásán, ó lè yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n nínú àwọn tó ń lo oníhò mẹ́fà fi ń ki ọta márùn-ún péré, tí wọ́n ń fi ihò tó wà lábẹ́ òòlù sílẹ̀ lófìfo.

Ṣé ohun tí à ń sọ ni pé èyí tó wọ́n ló dára? Rárá o. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Iver Johnson, rìfọ́fà tí owó rẹ̀ kò ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ ni wọ́n ń tà láyé àtijọ́. Kí ọdún 1900 tó dé ni wọ́n ti fi irin pẹlẹbẹ kan sínú tiwọn tí kì í jẹ́ kí òòlù ba ọta àyàfi bí ènìyàn bá fa apátí. Ìpolówó ọjà wọn ni pé kí ènìyàn fi òòlù gidi lu òòlù ìbọn náà, kò ní yìn. Ilé iṣẹ́ Ruger, tí orúkọ tirẹ̀ tóbi ju èyí lọ, ọdún 1973 ló tó fi irú irin bẹ́ẹ̀ sínú àwọn rìfọ́fà alátijọ́ tó ń ṣe. Lónìí náà, àwọn kan ń san owó ńlá lórí ìdìmú tó ń dán àti ọnà ara irin, kò sì sí èyí tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú wọn lọ́jọ́ ìjàmbá. Owó gíga lọ̀tọ̀, ojúlówó lọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo méjì tí bọ̀dá ń wò. Irú èyí tuntun tí kò tó 200 dọ́là, àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Heritage Rough Rider. A kò lè pè é ní pàǹtírí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn, tó fẹ́ máa ta agolo lórí pápá, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kéré, àtàǹpàkò la fi ń fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn kí a tó yin ọta kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń ki ọta sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé adigunjalè yóò dúró de bọ̀dá kí wọ́n ki ọta tán?

Èkejì, ti ọlọ́pàá, irú rẹ̀ ni Smith & Wesson Model 10. Ìran rẹ̀ ti wà láti 1899, èyí tí wọ́n sì ti ṣe lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń fi rìfọ́fà sílẹ̀ láàárín 1980 sí 2000, tí wọ́n ń gba ìbọn ìléwọ́ irú mìíràn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú èyí ló bọ́ sọ́jà. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ti họ nítorí inú àpò awọ tí wọ́n ń gbé e sí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà yìn ín, inú rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Àwa tí à ń ra òkìríkà mọ̀ pé aṣọ àlòkù tó lágbára ń pẹ́ lọ́rùn ju tuntun tó ń ṣí lójú rírán. Ṣùgbọ́n a tún mọ̀ pé táyà tòkunbọ̀ ń dán lójú, kó tó bẹ́ lójú ọ̀nà. Àlòkù ń fẹ́ àyẹ̀wò. Kí bọ̀dá rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí wọ́n wo inú ọ̀pá bóyá ó ti dípẹtà, kí wọ́n fa apátí títí dé òpin kí wọ́n sì di í mú, kí wọ́n wá fi ọwọ́ kejì mi àgbá wò. Bó bá ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí wọ́n dá a padà. Ó sì dára kí wọ́n sanwó fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe kó bá wọn wò ó.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ọ̀pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni Saturday Night Special. Ní 1968, ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King àti Robert Kennedy, ìjọba ṣe òfin tó dènà kíkó irú àwọn ìbọn kékeré bẹ́ẹ̀ wọ̀lú láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dènà ẹ̀yà ara ìbọn. Ni ilé iṣẹ́ Jámánì kan bá ń kó ẹ̀yà ara wọ̀lú, wọ́n sì ń tò ó pọ̀ ní Miami. Ọ̀kan nínú irú wọn, RG-14, tí owó rẹ̀ kò tó 50 dọ́là, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi yìnbọn lu Ààrẹ Ronald Reagan ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1981. Ọta mẹ́fà ló yìn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ènìyàn mẹ́rin ló bà. Orí ni ti James Brady, agbẹnusọ Ààrẹ, ti bà á. Kò fi bẹ́ẹ̀ lè rìn mọ́ títí ó fi kú ní 2014.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nígbà tí a bá ní ìbọn kan kò dára, àwọn kan lérò pé ohun tí à ń wí ni pé kò lè pa ènìyàn. Irọ́ ni. Ìbọn burúkú ń pa ènìyàn. Ẹni tí yóò pa ni a kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Olè tó fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kan kó sì jù ú sódò kò bìkítà bó bá jẹ. Ẹni tó fẹ́ fi dáàbò bo ara rẹ̀ fún ogún ọdún, tó ń gbé e sùn, tó ń gbé e jí, òun ni àléébù rẹ̀ yóò já lé lórí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Maryland rí èyí ní 1985. Ọkùnrin kan tí olè yìnbọn lù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ló pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní ẹni tó ṣe irú ìbọn ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ̀bi ohun tí olè fi ṣe. Ní 1988 àwọn aṣòfin ibẹ̀ yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ dípò rẹ̀ tí yóò máa kọ orúkọ àwọn ìbọn ìléwọ́ tó yẹ ní títà.

Nígbà tí a dé ibí yìí, ọ̀kan nínú wa bínú dìde. Ó ní gbogbo ìgbà tí olówó bá ní kí a fòfin de ìbọn ọ̀pọ̀, tálákà ló ń fi ìyà jẹ. A kò lè já a ní koro. Ní 1879, ìpínlẹ̀ Tennessee fòfin de títa gbogbo ìbọn ìléwọ́ àyàfi ńláńlá irú ti ológun, tí owó rẹ̀ ga. Ọdún mẹ́rìnlá péré ni àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ kúrò lóko ẹrú nígbà náà. Ta ni nínú wọn ló lówó ìbọn ológun? Ọ̀rọ̀ arákùnrin yìí wúwo, a sì gbà pé ẹ̀mí tálákà kò kéré sí ti olówó. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò kéré yẹn náà ni a kò fi gbọdọ̀ sọ pé èyí tó lè bú mọ́ ọn lọ́wọ́ ti tó fún un. Iver Johnson ti fi hàn pé a lè ṣe ohun tó mọ níwọ̀n lówó kí ó sì láàbò. Ẹni tó bá ń da sínkì fún mẹ̀kúnnù, òun ni kí a bá wí.

Ní tiwa, ohun tí a fẹnu kò sí ni èyí. Kí bọ̀dá má wo owó orí ìbọn nìkan. Kí wọ́n ro owó ọta tí wọ́n yóò fi kọ́ṣẹ́, owó olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn, àti owó àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́, nítorí ọmọ kékeré méjì wà nínú ilé. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, àlòkù ọlọ́pàá tí wọ́n ti yẹ̀ wò ló yẹ wọ́n. Bí owó bá ku díẹ̀ káàtó, kí wọ́n má ra tuntun ọ̀pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù, kí wọ́n má sì yọ owó àpótí fi kún owó ìbọn. Kí wọ́n ṣì dúró ná, kí wọ́n bẹ ọ̀gá wọn fún iṣẹ́ ọ̀sán. Ìyá wọn tó ní kí wọ́n má rà á kò gọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń rò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sí Amẹ́ríkà lọ kàwé, ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lódì. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ìbọn, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀ bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Òfin ìbọn ti 1959 ka rìfọ́fà mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fún ni láṣẹ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìtọ́, òfin sọ pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí kó san 20,000 náírà, tàbí kó jìyà méjèèjì. Ìbọn àgbélẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń fi páìpù ṣe ni ọ̀pọ̀ tó burú jù. A kò gbàgbé ọjọ́ 10 oṣù keje 1999 ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lóru. Ẹni tó bá wá sọ fún yín nínú ọgbà yìí pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọn ní ẹ̀dínwó, ẹ sá fún un.

A ti fi èsì wa ránṣẹ́ sí bọ̀dá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àwa tí a kéré bá gba àgbà nímọ̀ràn, kí wọ́n má bínú. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó kọ ọ́ wá, a óò gbé e jáde. Ire o.